Ẹ má tíì kó owó sọ́jà, ẹ wá ẹni tó máa rà á ná

Ẹ̀yin tèmi, kò sẹ́ni tó bi mí o, àmọ́ mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ló ń dúró de owó ńlá ká tó bẹ̀rẹ̀ bísínẹ́ẹ̀sì. Lọ́dún 1999 tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Swinmurn fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn èèyàn á ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ra bàtà kankan jọ, ṣe ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà, ó ya fọ́tò wọn, ó gbé e sórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tẹ́nì kan bá sì ti ra ọ̀kan ló tó máa padà lọ rà á níye tí wọ́n ń tà á táá wá fi ránṣẹ́. Kì í ṣe èrè ló ń wá níbẹ̀ o, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́sítọ́mà wà ni. Ibẹ̀ ni Zappos, iléeṣẹ́ tó ń ta bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà, ẹ̀rọ tẹ́ ò ní máa lò lójoojúmọ́, ẹ má rà á, ẹ háyà ẹ̀.

Èyí tó ń pa bísínẹ́ẹ̀sì gan-an (èmi náà ò tètè mọ̀) ni ọjọ́ ìsanwó. Tí kọ́sítọ́mà bá ní òun á san lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, tẹ́ni tó ń kó ọjà fún ẹ sì ń fẹ́ tiẹ̀ láàárín ọjọ́ méje, o lè máa jèrè lórí ìwé kówó má sí lọ́wọ́ ẹ. Torí náà, gba ìdajì owó sílẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kó o sì bẹ ẹni tó ń kó ọjà fún ẹ pé kó fún ẹ láyè díẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà tó o bá ti ń san déédéé.