Tí Ẹ Bá Ń Lọ sí Harlem, Ẹ Má Ṣe Àwọn Àṣìṣe Yìí

Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó bá dé New York ló ń fẹ́ fojú kan Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tó lókìkí níbẹ̀. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní Òpópónà 125 lọ́sàn-án gangan, wọ́n á ya fọ́tò lábẹ́ pátákó Apollo, gbọ̀ngàn eré tó gbajúmọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ra fìlà kan lọ́wọ́ àwọn tó pàtẹ sẹ́bàá títì, ó parí, wọ́n ti wọkọ̀ padà. Wọ́n á wá máa sọ káàkiri pé àdúgbò náà kò tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ rí lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ọjọ́ àti wákàtí tí èèyàn bá dé Harlem ló ń sọ ohun tí yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, torí ibẹ̀ ni ìtìjú pọ̀ sí jù. Orin inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Harlem lókìkí débi pé àlejò ń ti òkè òkun wá gbọ́ ọ. Abyssinian Baptist Church tó wà ní Òpópónà 138, ìjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1808, wà lára àwọn tí wọ́n ń wá jù. Àwọn kan á wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá gbé orin, wọ́n á na fóònù sókè. Bí pásítọ̀ bá ṣí Bíbélì, wọ́n á dìde, wọ́n á máa fara gbún eékún àwọn ìyá àgbà kọjá, ó di ìta. Ọmọ Yorùbá tó bá ṣe irú èyí kò ní àwáwí. Ta ló jẹ́ dán an wò ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀? Ẹ múra bí ẹni ń lọ ìsìn, ẹ pa fóònù, ẹ fi nǹkan sínú igbá ọrẹ, ẹ jókòó títí wọn ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Ẹ sì kọ́kọ́ wádìí, nítorí kì í ṣe gbogbo ìsìn ni wọ́n ti ń gba àlejò.

Ọjọ́rú ni ti Apollo. Alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n fi ń ṣe Amateur Night, ìdíje àwọn tí kò tíì lórúkọ, láti 1934, ọdún tí Ella Fitzgerald, tó padà di gbajúmọ̀ akọrin jáàsì, gorí ìtàgé náà ní ọmọ ọdún 17. Ijó ló fẹ́ wá jó. Àwọn Edwards Sisters jó ṣáájú rẹ̀, ó rí i pé òun ò lè ta wọ́n yọ, ló bá kọrin, ló bá gbégbá orókè. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ díje á kọ́kọ́ fọwọ́ ra kùkùté igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, Tree of Hope, kí orí lè bá a ṣe é. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí ẹ káwọ́ gbera kí ẹ máa wò ràn-ìn. Àwọn òǹwòran ni adájọ́: bí orin bá dùn, ẹ pariwo; bí kò bá dùn, ẹ hó lé e lórí, kò sẹ́ni tó máa bínú, àfi akọrin náà.

Ẹ má sì gbára lé ìmọ̀ràn àtijọ́. Wọ́n ti ilé Apollo fún àtúnṣe ńlá ní 2025, nítorí náà ẹ wo ibi tí eré ń lọ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Studio Museum, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, wà ní títì láti 2018 títí di 2025. Ẹni tó bá ka ìwé ìrìn-àjò tó ti pẹ́ á kọjá níwájú rẹ̀ láìwọlé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ṣí ilé tuntun ní Oṣù Kọkànlá 2025.

Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé Harlem ọdún 1927 ni wọ́n ń wá. Cotton Club, ilé ìgbafẹ́ alẹ́ tí Duke Ellington, olórin jáàsì, ti lókìkí, ti kó kúrò ní Òpópónà 142 kó tó di 1940. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń ṣeré níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n ń gbà wọlé wá wòran, nítorí náà n ò mọ ohun tí àwọn èèyàn wa ń ṣàárò rẹ̀ gan-an. Gbọ̀ngàn ijó Savoy tí dúdú àti funfun ti jọ ń jó ti kógbá sílé ní 1958. Ilé gbígbé ló wà níbẹ̀ báyìí. Schomburg Center, ilé ìkàwé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú ní Òpópónà 135, ni kí ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ wolẹ̀: iṣẹ́ ọnà róbótó kan tí wọ́n fi idẹ sí wà lórí ilẹ̀, eérú òkú akéwì Langston Hughes ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ kọjá, tí wọ́n ń béèrè ilé ìtọ̀.

Lálẹ́, ìwé ìrìnnà ni ẹ kọ́kọ́ mú dání. Ẹni tí kò tó ọdún 21 kò lè mu ọtí, ewú orí kì í sì í ṣe ẹ̀rí lójú ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má gbé ìgò ọtí tí ẹ ti ṣí jáde sí títì, òfin kò gbà á. Ní ilé jáàsì, ẹ béèrè bóyá iye kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ ná lẹ́yìn owó ìwọlé. Tíìpù ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe sàárà, ara owó oṣù agbáwo ni. Ẹ má sì máa tàkúrọ̀sọ nígbà tí ẹni tó ń fun fèrè bá ń dá fun ún.

Tí ẹ bá fẹ́ pàdé ọ̀rẹ́, ẹ má kàn sọ pé “ibùdókọ̀ 125”. Ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ mẹ́rin ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, láti ọ̀nà Broadway títí dé Lexington, àti èyí tó wà lápá kan sí èyí tó wà lápá kejì ju máìlì kan lọ. Lenox Avenue àti Malcolm X Boulevard, títì kan náà ni. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní A kì í dúró láàárín Òpópónà 59 àti 125 lọ́sàn-án. Ẹni tó ń lọ 116, níbi tí àwọn ará Senegal pọ̀ sí, kí ó wọ B tàbí C. Ọkọ̀ ń rìn mọ́jú, àmọ́ ní òru A á máa dúró ní gbogbo ibùdó, C àti B ò sì ní sí lọ́nà.