Ẹ Má Gbé Ìbínú Wọ Ọgbà: Bí Òbí Ṣe Lè Fẹjọ́ Sun Iléèwé Kí Wọ́n sì Gbọ́

Kí n tó fẹ̀yìntì, hẹdimísírẹ́ẹ̀sì ni mí ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìbàdàn. Tábìlì tí ẹ máa ń fọwọ́ gbá tí inú bá ń bí yín yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo ti rí bàbá tó wọlé tòun ti bẹ́líìtì lọ́wọ́. Mo ti rí ìyá tó ń sunkún débi pé kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tí kò wá rárá, tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n mú ọmọ wọn kúrò la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Àwọn tí mo máa ń tètè dá lóhùn kì í ṣe àwọn tó pariwo jù, wọn kì í sì í ṣe olówó. Àwọn tó mọ ọjọ́ àti aago ni. Wọ́n á ní ọjọ́ báyìí ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe sí i nìyí. Irú òbí bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀gá iléèwé ríbi sá sí.

Ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ọmọ á dé, á ní, "Àǹtí wa ò fẹ́ràn mi." Ẹ má tíì wá bàtà. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè tí ẹ ò ti fi ìdáhùn sínú rẹ̀. Tí ẹ bá ní "Ṣé àǹtí nà ọ́ ni?", ọmọ ọdún mẹ́fà á ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ó ti rí i lójú yín pé ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ẹ bi í pé: "Kí lẹ ṣe lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán? Ta ló jókòó tì ọ́? Kí ni àǹtí wá sọ?" Tó bá dọjọ́ kejì, ẹ tún bi í bí ẹni tó ti gbàgbé, kí ẹ wo ibi tí ìtàn náà ti yí àti ibi tí kò ti yí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ọmọ bíbí inú ẹni náà sì jẹ́ ẹnìkan.

Kí ẹ tó sùn lọ́jọ́ náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní kíláàsì, ẹni tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ gan-an gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́. Tí ojú ìyà bá wà lára rẹ̀, ẹ yà á sí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ojú pankẹ́rẹ́ lè parẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ tú àpò rẹ̀, ẹ wo ìwé rẹ̀. Nígbà mìíràn, inú ìwé yẹn lẹ ó ti rí i pé ọmọ yín kò kọ iṣẹ́ ilé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rọ̀ á sì yí bírí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí ẹ fẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Òbí á sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, n ó wá bi í pé, "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Kẹ́kẹ́ á pa. Kò rò ó débẹ̀. "Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé inú ń bí mi" kò tíì tó nǹkan tí èèyàn lè ṣe. "Mo fẹ́ kí ọmọ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn" ṣe é ṣe lónìí. "Mo fẹ́ rí bébà ìdánwò ìṣirò rẹ̀" ṣe é ṣe lọ́la. Tí ẹ ò bá lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ má tíì lọ.

Tíṣà kíláàsì ni ẹ kọ́kọ́ rí

Ẹ má fo tíṣà wá sọ́dọ̀ ọ̀gá. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á ránṣẹ́ pe tíṣà náà ni, tíṣà á wọlé bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ òótọ́ tán nínú irú ìwọlé bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì yọ sí i nígbà tí àwọn ọmọ wà lórí ìlà ní àárọ̀, tàbí lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n ń jáde. Ẹ kọ ìwé kékeré sínú ìwé ọmọ, tàbí kí ẹ pè é: "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Lágbájá. Ọjọ́ wo ló rọ̀ yín lọ́rùn?" Ọ̀sẹ̀ ìdánwò kò dára. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà kò dára, ẹ gbà mí gbọ́.

Tí ẹ bá jókòó, ẹ kí i dáadáa. Ẹni tó wà níwájú ọgọ́ta ọmọ láti àárọ̀ ni. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ wá fi ìbéèrè parí rẹ̀: "Lágbájá délé ní Ọjọ́rú, ó ní wọ́n ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Mo ní kí n wá bi yín bó ṣe jẹ́." Kí ẹ dákẹ́ níbẹ̀. Dídákẹ́ yẹn ṣòro fún wa, àwa tá a fẹ́ràn àlàyé, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Tíṣà tí ẹ fi ẹ̀sùn kàn á gbèjà ara rẹ̀. Èyí tí ẹ bi léèrè á rò ó wò. Mo ti rí i tí tíṣà fúnra rẹ̀ sọ pé, "Mà, ẹ má bínú, inú ló bí mi lọ́jọ́ yẹn," tí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ má sọ pé "gbogbo òbí ló ń sọ ọ́." Ẹ sọ tiyín. Ẹ má sì mú ẹ̀bùn dání. Tó bá dópin ọdún tí ẹ fẹ́ dúpẹ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n kéèkì tó ṣíwájú ẹjọ́ máa ń jẹ́ kí ojú ti tíṣà tàbí kó máa retí òmíràn.

Ẹ dákun, ẹ fi WhatsApp àwọn òbí sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ síbẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kó tó di àárọ̀ wọ́n á ti fi orúkọ tíṣà ránṣẹ́ dé ìta iléèwé, wọ́n á ti fi kún un, ọ̀gá iléèwé á sì ti rí i kí ẹ tó dé. Láti ìgbà yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó ba orúkọ iléèwé jẹ́ ni wọ́n á máa sọ, ti ọmọ yín á sì sọnù sínú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ló ń yọ tiyín lẹ́nu, ẹ má bá ọmọ náà wí fúnra yín nínú ọgbà, ẹ má sì lọ ká ìyá rẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ìjà àwọn ọmọ ti ń di ìjà ìdílé.

Tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí nǹkan kò yí padà

Àkókò tó kí ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá. Ìwé o, kì í ṣe ìpè. Tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mi ò mọ hẹdimásítà kankan n'Íbàdàn tí kò lè kà á. Kó má ju ojú ewé kan lọ. Irú èyí ni mo fẹ́ràn láti gbà:

"Ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, èmi ni ìyá Lágbájá tó wà ní kíláàsì kẹta B. Ọmọ tí wọ́n jọ jókòó gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6, àti ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá. Mo rí àǹtí kíláàsì wọn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn á yí ìjókòó wọn padà. Títí di òní, ọjọ́ 17, wọn kò tíì yí i. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí olùkọ́ kan sì máa wà nítòsí wọn nígbà oúnjẹ. Mo lè wá rí yín lọ́jọ́kọ́jọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ẹ jọ̀wọ́, mo ń retí èsì yín kó tó di ọjọ́ 24."

Ẹ wò ó dáadáa. Kò bú tíṣà, kò pe ọmọ ẹlẹ́ni lólè, ọjọ́ sì kún inú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lu èkejì, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ iléèwé sí i, kí ẹ mú un lọ sílé. Tí akọ̀wé bá ní "ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀," ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní ẹ ó dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń tán sínú ọ́fíìsì. Ìwé tó lóǹtẹ̀ a wọ fáìlì, fáìlì sì ni ìnsípẹ́kítọ̀ máa ń béèrè tó bá dé. Gbogbo àwa tá a jókòó síbẹ̀ la mọ èyí; a kì í sọ fún yín ni.

Máàkì, pankẹ́rẹ́, owó

Tí rèsọ́ọ̀tì kò bá yé yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "wọ́n rẹ́ ọmọ mi jẹ." Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, máàkì 40 ló wà fún tẹ́ẹ̀sì inú táàmù, 60 fún ìdánwò. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí méjèèjì, kí ẹ ròó pọ̀ níwájú tíṣà. Àṣìṣe ìṣirò ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, pàápàá ní alẹ́ tí a bá fi àtùpà kọ rèsọ́ọ̀tì.

Ti pankẹ́rẹ́ le díẹ̀. Òfin ọ̀daràn tí à ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà, ní abala 295, fàyè gba kí tíṣà fìyà tó mọ níwọ̀n tọ́ ọmọ sọ́nà, ṣùgbọ́n kò fàyè gba ọgbẹ́ tàbí ìpalára ńlá. Nítorí náà, "ta ló ní kí wọ́n nà án?" lè máà gbé yín débì kan. "Ẹ wo ara ọmọ yìí, ṣé èyí mọ níwọ̀n?" á gbé yín débẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 náà sì ní a kò gbọ́dọ̀ hùwà tó ń tàbùkù ọmọ sí i. Ẹ lè kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ẹ kò fẹ́ kí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ kan ọmọ yín, kí ẹ wá sọ ìyà mìíràn tí ẹ fara mọ́.

Ní ti owó: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní iléèwé ìjọba láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama kékeré. Ẹni tó bá gba owó iléèwé lọ́nà tó lòdì sí i lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gómìnà Ṣèyí Mákindé fagi lé ₦3,000 tí àwọn ọmọ girama ìjọba ń san lọ́dún nígbà tó wọlé ní 2019. Owó PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò sí i, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó tí kò ní rìsíìtì, ẹ béèrè nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní iléèwé aládàáni, ẹ tún ìwé tí ẹ buwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ wọlé kà. Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ jà lé lórí ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá jẹ gbèsè owó iléèwé, ẹ fúnra yín kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ó san, kí wọ́n má baà máa fi bo ẹjọ́ yín mọ́lẹ̀.

Lókè ọ̀gá

Tí ọ̀gá kò bá dáhùn, alága PTA tàbí ìgbìmọ̀ alábòójútó iléèwé tí wọ́n ń pè ní SBMC lè bá yín jókòó. Lẹ́yìn wọn, fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ó kan ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, lẹ́yìn náà SUBEB, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Fún aládàáni, ẹni tó ni iléèwé ni, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀: ní Ìbàdàn, Sẹkitéríàtì ní Agodi, ní Èkó, ọ́fíìsì tó ń mójú tó ojúlówó ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń pè ní OEQA. Ẹ̀dà ìwé tó lóǹtẹ̀ yẹn lẹ ó mú dání. Láìsí i, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi yín ni, "Ṣé ẹ ti sọ fún iléèwé?"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà yìí: tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ojú ara ọmọ, tàbí bá a sùn. Ẹ má lọ bá tíṣà, ẹ má lọ bá ọ̀gá. Ilé ìwòsàn lẹ ó kọ́kọ́ lọ, kíákíá, torí oògùn tí kò ní jẹ́ kí HIV ràn án kò ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti kọjá wákàtí 72. Ẹ má wẹ̀ fún un, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Àpò bébà ni kí ẹ fi aṣọ náà sí, kì í ṣe ọ̀rá. Lẹ́yìn náà, ọlọ́pàá. Tí iléèwé, pásítọ̀, àlùfáà tàbí ẹbí bá ní kí ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé, ẹ má gbà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé kọ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, kò sì sí hẹdimísírẹ́ẹ̀sì tó láṣẹ láti yanjú irú ẹ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Tí iléèwé bá ti ṣe ohun tí ẹ béèrè

Ẹ padà lọ dúpẹ́, ní ṣókí. Ẹ máa wo ọmọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kan: ṣé tíṣà ṣì ń pè é dáhùn ní kíláàsì, ṣé wọ́n ṣì ń máàkì ìwé rẹ̀? Tí wọ́n bá ń fi ojú ẹjọ́ wò ó, ìwé kejì nìyẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tuntun.

Bí ẹ bá sì ti pinnu láti mú un kúrò, ẹ dúró kí táàmù parí tí kò bá séwu. Ẹ gba ìwé ìjáde rẹ̀, máàkì tẹ́ẹ̀sì àti ìdánwò rẹ̀ gbogbo, kí ẹ sì yẹ orúkọ rẹ̀ wò lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn kí ẹ tó kúrò níwájú akọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni iléèwé tuntun máa dà kọ, tí yóò sì bá a dé orí fọ́ọ̀mù ìdánwò JSS 3.