Ẹ̀yìn mi kò kú: bí mo ṣe san owó àyẹ̀wò kan lẹ́ẹ̀mejì

£140 ni mo san lákọ̀ọ́kọ́, £140 ni mo tún san nígbà kejì. Ó ṣì ń dùn mí wọra, torí ohun tí kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ni ẹni tó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò fò dá.

Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni mò ń ṣe ní Manchester, ẹ̀yìn sì ti ń dùn mí fún oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀rọ isokinetic ni wọ́n ní kí n lọ fi wọn agbára rẹ̀. Kò dà bí irin gbígbé. Wọ́n á ti yan eré fún un. Bó o fi gbogbo agbára tì í, kò ní sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n á máa ka bó o ṣe tì í tó. Mo tẹ̀ síwájú, mo nà sẹ́yìn, ní dígírì 60, 120 àti 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Èsì dé. Ní 60, agbára iṣan ikùn mi jẹ́ 171 newton-meter (òṣùwọ̀n agbára tí èèyàn fi ń yí nǹkan), ti ẹ̀yìn 118. Ní 180, ti ẹ̀yìn fò sókè sí 149. Wọ́n ní ẹ̀yìn mi ti rọ, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ yẹn.

Físíò kan (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun), ọmọ Ìbàdàn tá a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo mú ìwé náà lọ bá. Ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n wọn ìwúwo ara yín lórí ẹ̀rọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀?"

Wọn ò wọ̀n ọ́n. Ó mí kanlẹ̀. Béèyàn bá ń tẹ̀ síwájú, ìwúwo orí, apá àti àyà rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́. Bó bá ń nà padà, òun ló máa gbé gbogbo rẹ̀. Bí wọn ò bá yọ ìwúwo yẹn kúrò nínú ìṣírò, ikùn á gba ògo tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀yìn á sì san gbèsè tí kò jẹ.

149 yẹn ló bí mi nínú jù. Iṣan tó ń sún kì kíákíá kì í lè fa nǹkan tó èyí tó ń sún kì díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ní 180 ló yẹ kí nọ́ńbà mi kéré jù. Físíò náà fìka tọ́ ìlà tó fi bí mo ṣe ń ti ẹ̀rọ hàn nínú ìwé: góńgó kan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ibẹ̀ ni ara mi ti sáré kọjá eré tí wọ́n yàn, tí ẹ̀rọ sì dá mi dúró gbì. Ìkọlù lásán ni, kì í ṣe agbára. Wọ́n kàn mú nọ́ńbà tó ga jù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwèé fún mi.

Mo padà lọ sọ fún wọn. Wọ́n ní àyẹ̀wò ti parí, kò sí owó tí wọ́n máa dá padà.

Ibòmíràn ni mo lọ. Wọ́n fi bẹ́líìtì so ìbàdí àti itan mi le dan-in kí n má bàa fi ẹsẹ̀ jalè, wọ́n wọn ìwúwo mi, wọ́n jẹ́ kí n fi eré kọ̀ọ̀kan dánra wò, mo sì sinmi láàárín wọn. Ẹ̀yìn 166, ikùn 128 ní 60. Ẹ̀yìn 127, ikùn 97 ní 180. Ẹ̀yìn ló ju ikùn lọ, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí ara rẹ̀ dá. Inú mi dùn débi pé mo ya ìwé náà ní fọ́tò kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ẹ má gba nọ́ńbà nìkan lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n fi ìlà ti eré kọ̀ọ̀kan hàn yín, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti yọ ìwúwo ara yín, kí ẹ tó sanwó.