Bí Ilé Ẹ̀kọ́ Ṣe Lè Yan Ọ̀nà Ìkọ́ni fún Àwọn Ọmọ Tó Ní Ọ́tísìmù

Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù (ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, tó ń mú kí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ ṣòro fún ọmọ), tàbí tó fẹ́ ya kíláàsì kan sọ́tọ̀ fún wọn, kò ní pẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn ọ̀nà ìkọ́ni bíi PECS, TEACCH àti ABA, olúkúlùkù àwọn tó ń dáni lẹ́kọ̀ọ́ lórí wọn ni yóò sì máa sọ pé tòun ló pegedé. Ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí olùkọ́ máa kọ ohun tó bá rí lára ọmọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ṣé ẹnu ló fi ń bèèrè ohun tó fẹ́ ni, àbí ó ń fa èèyàn lọ́wọ́, àbí ẹkún ló ń sun? Ariwo wo ló ń mú un di etí? Kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó fi ìbínú da ara rẹ̀ nílẹ̀, kí ló sì tẹ̀lé e? Ẹ bi ìyá rẹ̀ léèrè èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni, ẹ má ṣe ní kí wọ́n pa á tì, nítorí ìwádìí kò fi hàn pé gbígbọ́ èdè méjì ń fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Láìnídìí ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba òbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye òṣìṣẹ́ tí ẹ ní. Ẹ wo PECS, ọ̀nà fífi àwòrán bèèrè nǹkan, tí Andy Bondy àti Lori Frost bẹ̀rẹ̀ ní Delaware, ní Amẹ́ríkà, ní 1985, fún ọmọ tí kò tíì lè fi ẹnu bèèrè nǹkan. Àgbà méjì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń gbà. Ọ̀kan á jókòó síwájú ọmọ pẹ̀lú gúgúrú lọ́wọ́, èkejì á wà lẹ́yìn ọmọ, àwòrán gúgúrú á sì wà lórí tábìlì. Bí ọmọ bá nawọ́ sí gúgúrú, ẹni ẹ̀yìn á rọra darí ọwọ́ rẹ̀ láti mú àwòrán náà fún ẹni iwájú, tí yóò dárúkọ gúgúrú, tí yóò sì fún un jẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹni iwájú kò sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé, “Kí lo fẹ́?”, nítorí ọmọ gan-an la fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo kò lè dá a bẹ̀rẹ̀.

Bí owó kò bá pọ̀, TEACCH ni èmi yóò kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Yunifásítì North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ló ti wá, níbi tí Eric Schopler ti ṣe aṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni pé kí kíláàsì fúnra rẹ̀ máa sọ ohun tó kàn fún ọmọ: àwòrán iṣẹ́ òòjọ́ á tò sára ògiri láti òkè dé ìsàlẹ̀, iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe á wà lọ́wọ́ òsì, apẹ̀rẹ̀ èyí tó ti parí á wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Páálí àti fọ́tò tó fún un. Kò nílò iná mànàmáná.

Ti ABA, ọ̀nà tó ń pín ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́, tó sì ń fi ẹ̀san tọ́ ìwà ọmọ, gba ìṣọ́ra. Nínú ìwádìí lórí rẹ̀ tí Ivar Lovaas, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1987, ọmọ 19 ló gba ẹ̀kọ́ náà ní kíkún, fún nǹkan bí ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, àgbà kan sí ọmọ kan. Ilé ẹ̀kọ́ tó kó ọmọ mẹ́wàá lé olùkọ́ kan lọ́wọ́ kò lè ṣèlérí irú èso tí ìwádìí náà sọ. Wọ́n tún ń fi ìyà kún un nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísìmù sì ń ta kò ó títí di òní. Pípín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ àti yíyin ọmọ wúlò níbẹ̀. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ kọ̀ fún ẹni tó bá ṣèlérí ìwòsàn, àti ẹni tó ń di ọwọ́ ọmọ mú kó lè tẹ ọ̀rọ̀, nítorí àyẹ̀wò ti fi hàn pé olùdìmú ló ń kọ ọ́.

Níkẹyìn, ẹ yan àfojúsùn kan tó ṣeé kà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí iye ìgbà tó bèèrè omi fúnra rẹ̀ lóòjọ́, kí ẹ máa sàmì sí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì fún àwọn òbí ní àwòrán kan náà láti lò nílé. Bí iye náà kò bá yí padà lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀nà ìkọ́ni ni kí ẹ yí padà.