Ìwé Ọmọdé Tó Tàn Mí Jẹ

Owó ìwé mẹ́ta ni mo san lórí àlọ́ kan ṣoṣo, ìtìjú sì ni ènì tí mo gbà.

To the Lighthouse, ìwé ìtàn àròsọ ti Virginia Woolf, tó jáde lọ́dún 1927, ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí níwájú àwọn tí a jọ ń kàwé. Nínú rẹ̀, Mrs Ramsay ń ka àlọ́ apẹja àti ìyàwó rẹ̀ fún James, àbíkẹ́yìn rẹ̀: apẹja rí ẹja abàmì kan nínú òkun, ìyàwó rẹ̀ sì ń rán an padà láti lọ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹja náà. Èmi ní tọmọdé ni, mo ní ọ̀rọ̀ ojúkòkòrò ni, mo fò ó kọjá. Ni ẹnì kan bá ní, "Òkun inú àlọ́ yẹn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Mo wá àlọ́ náà rà. Ìwé kìíní jẹ́ aláwòrán: obìnrin náà bèèrè ilé, ó bèèrè ààfin, ó fẹ́ jọba, ó parí. Búlúù ni òkun ibẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin! Ìwé kejì fi ọba àwọn ọba kún un, ó yọ póòpù dànù, bóyá kí inú má baà bí ẹnikẹ́ni. Òkun ṣì tòrò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń ṣí ìwé méjèèjì síwá-sẹ́yìn, tí mò ń ṣépè fún ẹni tó bi mí léèrè.

Ìwé kẹta, tó nípọn bíi bíríkì, ló tú àṣírí. Ọdún 1812 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm, àwọn akó-àlọ́-jọ ará Jámánì, tẹ àlọ́ náà; ayàwòrán Philipp Otto Runge ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè àdúgbò àríwá Jámánì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìyàwó bèèrè nǹkan. Bí apẹja bá ti ń padà tọ ẹja náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni omi ń bàjẹ́ sí i: ó dàwọ̀ ewé, ó rú, ó dúdú kirikiri, títí obìnrin náà fi ní òun fẹ́ dà bí Ọlọ́run, ni ìjì bá dé. (Inú ìkòkò ìtọ̀ ni wọ́n ń gbé níbẹ̀rẹ̀ o. Ahéré ni àwọn ìwé ọmọdé sọ ọ́ dà.)

Mo sáré padà sídìí Woolf. James ń retí kí ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi lọ síbi ilé iná inú òkun. Bàbá rẹ̀ ti ní ojú ọjọ́ ò ní dára. Ìjì tí bàbá sọ, òun náà ni ìyá ń kà fún un! Bó sì ti ka àlọ́ tán, iná ọ̀hún ti tàn, ó hàn nínú ẹyinjú ọmọ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé yìí rí.

Tí ẹ bá rí "a tún un sọ fún àwọn ọmọdé" lára ìwé, ẹ gbé e sílẹ̀. Àlọ́ Grimm wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ló dùn mí jù. Mo sì fún ẹni yẹn lésì. Ó ní òun ti gbàgbé pé òun béèrè.