Bí A Ṣe Ń Fìdí Kalẹ̀ Sínú Ọkọ̀ Ìgbòkun ní Marathon Lẹ́yìn Ìrìn-àjò Gígùn

Nígbà tí òtútù bá ti ń mú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun a máa kúrò ní Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọn a gba ọ̀nà omi inú tí àwọn atukọ̀ ń pè ní ICW lọ sí gúúsù, láti máìlì òdo ní Norfolk títí dé nǹkan bíi máìlì 1,090 ní Miami, kí wọ́n tó yà sí àwọn erékùṣù Florida Keys. Púpọ̀ nínú wọn ni í dúró sí Boot Key Harbor ní ìlú Marathon, nítorí pé ilẹ̀ yí èbúté náà ká débi pé ìgbì òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì fẹ́ lo oṣù mélòó kan nínú ọkọ̀ rẹ̀, ni mo kọ ìmọ̀ràn yìí fún. Lójú tèmi, ohun tí ó ń yọ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń gbé inú ọkọ̀ tí ó ti dúró bí ẹni pé ó ṣì ń rìn: ẹ́ńjìnì tí ń rọ iná sí bátìrì lójoojúmọ́ ti dákẹ́, ibùdó tí wọ́n ti ń rọ omi lójú ọ̀nà ti wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi ń lo iná àti omi kò yí padà.

Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ èbúté, ẹ pe ọ́fíìsì ibùdókọ̀ ìlú lórí rédíò VHF, ìyẹn rédíò tí àwọn ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ìkànnì 16, kí ẹ béèrè bóyà àyè wà. Ìlú Marathon fúnra rẹ̀ ni ó ni ibùdó náà, ó sì ní ju 200 bọ́ọ̀lù ìsokọ̀ lọ, ìyẹn àwọn bọ́ọ̀lù ńlá tí ó léfòó, tí a dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi. Ní ìgbà òtútù, wọ́n sábà máa ń kún, orúkọ yín yóò sì wọ ìwé àwọn tí ń dúró de àyè. Bí ó bá di pé kí ẹ ju ìdákọ̀ró tiyín níbi tí òfin gbà á, ẹ má ṣe ahun okùn. Jíjìn omi ní ìgbà tí ó kún jù, pẹ̀lú gíga imú ọkọ̀ sókè omi, ni a fi ń ṣírò: bí omi bá jìn ní mítà mẹ́ta, tí imú ọkọ̀ sì ga ní mítà kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin; ẹ tú ṣéènì tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, ìyẹn mítà 20, sílẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ okùn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí ó tó ìlọ́po méje, ìyẹn mítà 28.

Okùn tí ó so yín mọ́ bọ́ọ̀lù ni kí ẹ fojú sí kí ẹ tó fojú sí ohunkóhun mìíràn. Ẹ lo okùn méjì, ọ̀kan láti ìwo irin (irin tí a ń so okùn mọ́) apá ọ̀tún imú ọkọ̀, èkejì láti ti apá òsì. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba inú ojú okùn bọ́ọ̀lù kọjá, kí ó sì padà sí ìwo tí ó ti wá, kí ọ̀kan lè dá ọkọ̀ dúró bí èkejì bá já. Níbi tí okùn bá ti ń fara kan etí ọkọ̀, ẹ gé rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà, ẹ là á, kí ẹ sì fi wé okùn náà. Atẹ́gùn àríwá kan ṣoṣo tí ó fẹ́ mọ́jú lè fi etí irin rẹ́ okùn tuntun dé àárín. Ní àràárọ̀, ẹ fọwọ́ pa okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí irun rẹ̀ bá ti ń yọ, tí ó sì rọ̀ ju ibi yòókù lọ, ẹ sún un síwájú tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn èyí, ẹ sùn. Ẹni tí ó ti ń jí ní òru wò bóyà ìdákọ̀ró ń yọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò ní làákàyè tí ó fi yẹ kí ó máa tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí ojú bá ti dá wálé, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbógun tì. Iyọ̀ a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìdí nìyẹn tí tìmùtìmù tí omi òkun bá ta sí kì í fi í gbẹ láéláé, bí ó ti wù kí ẹ sá a sóòrùn tó. Ẹ kó aṣọ ìbora, aṣọ òjò àti aṣọ ìjókòó lọ sí ibi ìfọṣọ, kí ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ fọ̀ wọ́n. Ẹ fi àkísà tútù nu ògiri inú ọkọ̀, pàápàá ibi ọwọ́ àtẹ̀gùn tí ọwọ́ oníyọ̀ gbogbo ń dì mú. Ẹ tú ìgbòkun iwájú sílẹ̀ ní òwúrọ̀ tí kò sí atẹ́gùn, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì ká a sí inú ọkọ̀ bí ẹ kò bá ní lọ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ gbé ibùsùn nílẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ti ń hùkasì, ẹ fi ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ iná gba ìṣirò. Bí bátìrì yín bá jẹ́ olójé, irú èyí tí ó wà nínú mọ́tò, ẹ fi mítà iná wọ̀n ọ́n ní ìdájí, nígbà tí ohunkóhun kò rọ iná sí i tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì pọ̀: fóltì 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.2 sì túmọ̀ sí pé ó ti kù ní nǹkan bí ìdajì. Bí ẹ bá ń jẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Páńẹ́lì sólà 200 wáàtì lè mú nǹkan bíi 60 ampere-hour (ìwọ̀n iye iná tí ó ń wọ bátìrì tàbí tí ó ń jáde) wá ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, ṣùgbọ́n fìríìjì nìkan lè jẹ 40 sí 60 nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí òjìji ọ̀pó ìgbòkun ń bọ́ sí ní ọ̀sán, nítorí pé òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ lórí páńẹ́lì a máa dín iná kù ju bí ojú ti rò lọ. Ẹ fi ìgò omi kún àyè òfìfo inú fìríìjì, kí òtútù má baà dà nù nígbàkigbà tí ẹ bá ṣí i. Ní tèmi, ẹni tí kò ní sólà tí ó tó sàn kí ó máa ra yìnyín ju kí ó máa fi ẹ́ńjìnì ńlá rọ iná ní wákàtí méjì-méjì lọ.

Omi ẹ̀rọ tí ẹ óò máa pọn ní Marathon ti rìn jìnnà: láti ìhà Florida City lórí ilẹ̀ ńlá ni páìpù ti ń gbé e gba àwọn erékùṣù kọjá lọ sí Key West, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni ó sì mú kí wọ́n ri páìpù àkọ́kọ́ ní 1942. Kẹ́ẹ̀gì 20 lítà wúwo tó kílò 20, ẹ óò sì gbé e láti etí omi sínú ọkọ̀ kékeré, kí ẹ tún gbé e láti ibẹ̀ sórí ọkọ̀ ńlá. Kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá-mẹ́wàá dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀yìn ẹni.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, òfin ibẹ̀ le, ó sì yẹ kí ó le. Omi ààbò ìjọba ni gbogbo àyíká Florida Keys, a kò sì gbọ́dọ̀ da ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ inú ọkọ̀ sí i, kódà èyí tí a ti fi oògùn pa. Ẹ ti fáàfù tí ó ń da ìdọ̀tí sí òkun pa, kí ẹ sì fi àgádágodo tàbí okùn ike dè é, nítorí pé àwọn tí ń yẹ ọkọ̀ wò lè béèrè láti rí i. Ọkọ̀ ìfàdọ̀tí ibùdó náà a máa lọ káàkiri láti fa táńkì àwọn olùgbé; ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò kan apá ọ̀dọ̀ yín ní ọ́fíìsì.

Ẹ má ṣe gbé páálí kankan wọ inú ọkọ̀. Aáyán a máa yé ẹyin sí àárín páálí, ẹ sì lè lo oṣù mẹ́ta láti lé ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé wọlé. Orí ibùdó ìgúnlẹ̀ ni kí ẹ ti tú ọjà kúrò nínú páálí. Ní ti gáàsì ìdáná, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìdí ọkọ̀ ni ó máa ń lọ kó jọ sí bí páìpù bá ń jò. Orí sílíńdà ni kí ẹ ti máa ti í pa, kì í ṣe ojú sítóòfù nìkan.

Ọkọ̀ kékeré alátẹ́gùn ni ẹsẹ̀ yín nísinsìnyí. Ẹ fi okùn irin àti kọ́kọ́rọ́ tì í ní etí omi, kí ẹ gbé iná funfun dání ní òru, kí ẹ sì rí i dájú pé àtẹ̀gùn ìdí ọkọ̀ ńlá ṣeé fà sílẹ̀ láti inú omi. Ẹni tí ó bá yọ̀ ṣubú nígbà tí ó ń ti ọkọ̀ kékeré gòkè, ní òru, tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé, kò ní rí ọ̀nà mìíràn gbà jáde.

Kí ilé má baà gba ọkọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì àti asẹ́ epo dísẹ́ẹ̀lì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí pé ojú ọ̀nà ICW a máa fi ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ gan-an. Omi ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ẹ̀dá onípẹ́ líle a sì máa tètè lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ àti abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ ha wọ́n, tàbí kí ẹ bẹ ọ̀mùwẹ̀ lọ́wẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnì.

Bí ọkọ̀ yín bá ní nọ́ńbà ìpínlẹ̀ mìíràn, Florida fún un ní 90 ọjọ́ tí ó tẹ̀léra kí ó tó di dandan láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọ ìpínlẹ̀ náà sínú ìwé ọkọ̀. Àsìkò ìjì líle bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá. Nígbà tí ìjì Irma balẹ̀ sí erékùṣù Cudjoe Key ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní Boot Key Harbor rì tàbí kí wọ́n sọ́ sórí ilẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n so mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ ka ìwé ìbánigbófò yín kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni ó dárúkọ ibi tí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní àsìkò náà, kí ẹ sì kọ̀wé sí ibi ìgbọ́kọ̀sókè, níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ kúrò lómi, tí ẹ fẹ́ gbé e lọ nígbà tí àyè ṣì wà, ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì, kì í ṣe ní oṣù karùn-ún.