Ẹ má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ìgbaninímọ̀ràn lórí ìlera ọpọlọ

Orúkọ iṣẹ́ yìí gan-an ló ń tàn wá jẹ. Agbaninímọ̀ràn là ń pè é, nítorí náà ẹni tó bá jókòó sórí àga yẹn a máa sáré wá ìmọ̀ràn kiri. Ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera ní Mọpà, ì báà jẹ́ tíṣà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nílé ìwé girama ní Ìsánlú, tàbí pásítọ̀ tí wọ́n ń dúró dè lẹ́yìn ìsìn ní Kábbà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í kọjá kó tó sọ ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló bí púpọ̀ nínú àwọn tó kù.

Carl Rogers, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ fi ń ṣíwájú kalẹ̀. Lọ́dún 1957 ó ka ohun mẹ́ta tí agbaninímọ̀ràn gbọ́dọ̀ mú wá: kó máa gbìyànjú láti rí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe ń rí i, kó ka onítọ̀hún sí láìbá a dá májẹ̀mú kankan, kí ojú rẹ̀ má sì sọ ohun tí inú rẹ̀ kò sọ. Rogers fi kún un pé ẹni tó wá gbọ́dọ̀ rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Níbí yìí ni ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀. Àánú wà nínú wa lóòótọ́, ẹnu wa ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí i.

Ká ní ìyá kan tó ń ta gààrí jókòó, ó ní: "Orí mi ń gbóná. Ó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti gbé bàbá wọn lọ́nà oko, mi ò mọ oorun mọ́."

Ìdáhùn tó ń yá wa lẹ́nu ni: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ má ronú jù. Wọ́n ṣáà ti padà wálé, ẹ dúpẹ́." Ọ̀rọ̀ inú rere ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe. "Ẹ má ronú jù" sọ àìsàn di ẹ̀bi rẹ̀. "Ẹ dúpẹ́" sọ ọ́ di aláìmoore bí ara rẹ̀ bá ṣì ń gbọ̀n. Yóò dúpẹ́ ni, yóò sì lọ ilé.

Ẹ dán èyí wò: "Látọjọ́ náà, oorun ti dá lójú yín, orí sì ń gbóná." Kí ẹ wá pa ẹnu mọ́. Ẹ ka ení títí dé ogún nínú ara yín. Ó máa ń gùn ju bí èèyàn ti rò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àrífín. Ó lè jẹ́ ìgbà yẹn ni yóò sọ pé: "Kì í ṣe ẹ̀rù wọn gan-an. Owó tá a yá tá a fi gbà á sílẹ̀ ni. Àwọn tó ni owó ti ń wá sílé." Ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ẹ̀rù ajínigbé ìbá ti máa wo ibi tí kò dùn ún.

Èèrà inú orí yẹn náà, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Orí gbígbóná, àyà jíjá, ìrìn èèrà lára: báyìí ni ìdààmú ọkàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Ẹ má yára túmọ̀ rẹ̀ sí orúkọ àìsàn tó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ tó fi sọ ọ́ gan-an ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Bó bá ń sọ Òwé tàbí Yàgbà, ẹ̀ka èdè Yorùbá àgbègbè Kábbà àti Ìsánlú, ẹ má máa fi Yorùbá ilé ìwé tún un sọ fún un. Kí ẹ sì ní kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà wò, torí kì í ṣe gbogbo orí tó ń gbóná ló jẹ́ ti ìrònú.

Ní ti ẹni tí ajínigbé gbé rí, àṣìṣe kan wà tó léwu ju ìyókù lọ: kí a ní dandan ni kó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "kó lè kúrò lára". Kì í kúrò bẹ́ẹ̀. Ó lè mú kí ara tún gbé ìpayà náà wọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tó ń sùn, ohun tó jẹ, ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ, ẹ gbọ́. Bó bá dúró ní ìdajì, ìdajì náà tó.

Àwọn ẹbí ńkọ́? Níbi tiwa, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ló sábà ń mú èèyàn wá, òun ni yóò sì máa dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹ má lé e, ẹ má sì jẹ́ kó gba àkókò náà. Lọ́dún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, tí aláìsàn fi ń gbé inú abúlé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Ẹbí kì í ṣe ọ̀tá ìwòsàn. Bí ìjókòó náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú 50, ẹ fi 10 gbọ́ tẹnu wọn pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀: "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣì wà níbí?" Ojú rẹ̀ ni kí ẹ wò nígbà tó bá ń dáhùn, torí ẹnu lè ní "wọ́n lè jókòó" kí ojú máa sọ nǹkan mìíràn. Nígbà náà, ẹ̀yin ni kí ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n kó lọ jókòó níbi tí kò ti lè gbọ́, kó má di pé òun ló lé e.

Àṣírí kò rọrùn nílùú tí gbogbo wa ti mọ ilé ara wa. Ẹ má kọ orúkọ sẹ́yìn fáìlì. Ẹ bá a ṣe àdéhùn pé bí ẹ bá pàdé lọ́jà, òun ni yóò kọ́kọ́ kí yín, kó má baà di pé èèyàn ń bi í ibi tó ti mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣèlérí pé kò sí ohun tí ẹ óò sọ síta. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kó ti mọ̀ pé bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, tàbí tí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, ẹ óò pe ẹlòmíràn.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó rò pé jíjẹ́ kí ẹni tó wá ṣíwájú túmọ̀ sí kí àwọn máa mi orí. Rárá o. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Nígbà tí ẹnì kan bá ní "ayé ti sú mi", ẹ má yí ọ̀rọ̀ padà sí àdúrà. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti ṣe yín bíi kí ẹ pa ara yín?" Ìbéèrè náà kì í gbin èrò yẹn sí ẹni lọ́kàn, ó máa ń fún wọn láàyè láti mí. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ béèrè ọ̀nà tó ń rò, àti bóyá ohun èlò rẹ̀ wà nílé. Nílé àgbẹ̀, oògùn apakòkòrò àti oògùn tí wọ́n ń fín sí koríko lè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ẹnì kan kó o kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má fi onítọ̀hún sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bákan náà ni fún ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí abiyamọ tuntun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dàrú: ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò tó fún wọn.

Ẹ má dá ọjọ́ fún wọn láìbéèrè ọjọ́ ọjà. Ọjà tó ń ná ní ọrọọrún kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà "gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun" lè túmọ̀ sí pé oúnjẹ ọmọ kò ní sí. A ó wá máa sọ pé kò fọwọ́ pàtàkì mú ara rẹ̀.

Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10, ẹ sọ fún un pé ó ku ìṣẹ́jú 10, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ẹ gbọ́ lódì. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù sábà máa ń jáde lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó ti dìde tán. Ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù, ẹ má sì tún ìjókòó náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní: "Mo gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀." Kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀mí wà nínú ewu; nígbà yẹn, ẹni tó kàn á dúró díẹ̀ sí i níta.